Ọwọ́ Dà? Ìwé sí Títílayọ̀ Lórí Ọ̀nà Tí Yóò Gbà Di Awakọ̀ Bàálù

Agége,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Títílayọ̀, Àjọkẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n má jẹ́ kí ìwé yìí gùn. Mo ní ṣé òun ni yóò kọ ọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán ní ilé ìwòsàn wọn ní Ìlúpéjú, ó fi èmi àti bírò sílẹ̀. O mọ̀ pé n kò kọ ìwé sí ọ rí. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀, ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́, ohùn ẹlòmíràn ni mo sì sábà máa ń fi sọ ọ́ kí ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ti òní, ohùn ara mi ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní bí o bá ti parí ìsìnlú ní Mínnà, iṣẹ́ awakọ̀ bàálù ni o fẹ́ kọ́. N kò bá ọ jiyàn. Láti kékeré tí bàálù ti ń fò kọjá lórí páànù wa lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà, tí àwọn yòókù ń dí etí, ìwọ nìkan ni ó máa ń sáré jáde lọ wò ó. O ní ọ̀nà mẹ́ta ni o rí. Àkọ́kọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lókè ọya, tí o ti yege ìdánwò rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ní kí o dúró di ọdún tó ń bọ̀. Èkejì wà lókè òkun, a ó sì ta ilẹ̀ Ọ̀tà kí a tó lè rán ọ lọ. Ẹ̀kẹta ni ti ọkùnrin kan ní Ìkẹjà tí gbogbo yín ń pè ní Kápúténì, tí ó ní oṣù mẹ́fà péré ni òun yóò fi sọ ọ́ di awakọ̀. O ní ti Kápúténì yìí ni ó wù ọ́, pé kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́, kí n dá a padà fún un kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Fọ́ọ̀mù náà wà níwájú mi. N kò tíì fọwọ́ sí i.

Mo lọ rí ọkùnrin náà ní Ọjọ́rú, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí o júwe. Àwòrán bàálù kún ara ògiri. Ó fà mí lọ́wọ́ jókòó, ó ní kí wọ́n fún mi ní omi tútù. Ó mọ bí a ti ń gba ènìyàn lálejò, n kò ní parọ́ mọ́ ọn.

Mo ní, “Bàálù mélòó lẹ ní?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Alàgbà. Bàálù wà.”

“Mélòó ló ń fò?”

“Ọ̀kan ń fò. Ìkejì ń dúró de páàtì tí wọn yóò fi tún un ṣe.”

Mo mi orí. Èmi tí mo ń tún ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun ṣe fún àwọn oníbúrẹ́dì Agége láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ọ, mo mọ ẹ̀rọ tí ó ń dúró de páàtì. Adìyẹ ti ń yé sínú òmíràn.

Ó wá fa ìwé kékeré kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ìwé tí awakọ̀ ń kọ wákàtí tí ó fò sí. Mo rí orúkọ rẹ níwájú rẹ̀. Mo ṣí i. Wọ́n ti kọ ogójì wákàtí sí i, ọjọ́ dé ọjọ́, ó gún régé. Ààyè ìbuwọ́lù nìkan ló ṣófo.

Mo ní, “Ìgbà wo ni ọmọ mi fò ó? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò nílé nígbà tó gba ìsinmi.”

“Alàgbà, ó wọ inú bàálù. Àwọn mẹ́rin ló jọ wọ̀ ọ́. Ẹnì kan ń wà á, àwọn mẹ́ta ń wò ó. Ṣé àwọn mẹ́ta yẹn wà nílẹ̀ ni? Òkè ni gbogbo wọn wà.”

“Àwọn èrò tó ń lọ sí Àbújá náà, òkè ni wọ́n wà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó gbá tábìlì. Ó ní, “Alàgbà, aláwàdà ni yín. Ṣé ẹ ti gbọ́ bí ọmọ yín ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò inú bàálù? Àwọn tó ti fò fún ọdún mẹ́wàá kò lè sọ ọ́ báyẹn. Ọmọ yín ti di awakọ̀ tán. Kíkọ sílẹ̀ ló kù.”

Mo dé ilé, mo sín ọkùnrin náà jẹ fún ìyá rẹ, bó ṣe ń ṣe ọrùn, bó ṣe ń pe “Alàgbà” bí ẹni tó ń fi epo pa á lára. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, “Níbo ni Títí wá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ bí awakọ̀?” Àwa méjèèjì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni. Ẹ̀bùn tí mo fún ọ ni ọkùnrin yẹn fẹ́ fi tà ọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí n sọ ohun tí ẹ̀bùn náà ti ṣe lọ́wọ́ mi fún ọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

Èkíní, má ṣe fi ohùn rọ́pò ẹ̀kọ́. O ti máa ń béèrè ìdí tí ìwé mi fi mọ sí fọ́ọ̀mù tuù, mo sì máa ń sọ pé owó ni kò sí. Owó kọ́. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni mo dúró lẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì, mo fi ohùn ọ̀gá àgbà wa kéde pé kí gbogbo ilé-ìwé máa lọ sílé, pé omi kò sí. Wọ́n lọ tán pátá, ti olùkọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá àgbà jáde síta, wọn kò bá ẹnikẹ́ni àfi èmi tí mo ń rẹ́rìn-ín nínú koríko. Wọ́n lé mi. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá àgbà ti tó ọ̀gá àgbà náà. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé n kò lè yanjú ìṣirò kan ṣoṣo nínú èyí tí ọkùnrin yẹn ń kọ́ wa. Bí o bá dé ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí, tí ìṣirò afẹ́fẹ́ àti ti epo bá le fún ọ, sọ pé kò yé ọ. Má fi ohùn dídùn bò ó.

Èkejì ni mo torí rẹ̀ jókòó. Ìyá rẹ pàápàá kò gbọ́ ọ rí títí di alẹ́ àná.

Nígbà tí wọ́n lé mi, bàbá mi mú mi lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Oregun tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánganran. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, àwọn ológun ló wà lórí àlééfà nígbà náà. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tí ó ń tẹ irin pẹlẹbẹ di abọ́. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ débi pé bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ sí ọ létí, o kò ní gbọ́. Ohùn kan ṣoṣo ló ń là á já, ohùn Fọ́ọ́màn wa, bàbá Èkìtì kan, tí ó dún bí òkúta tó ń yí nínú agolo.

Wọ́n ní ètò kan tí wọn kì í fi ṣeré. Bí ẹ̀rọ náà bá dúró, tí àwọn èèyàn bá tún ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe tán, Fọ́ọ́màn á pariwo pé, “Ọwọ́ dà?” Gbogbo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ á na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á dáhùn pé, “Ọwọ́ rèé.” Fọ́ọ́màn á fi ojú ka ọwọ́. Ó dìgbà tó bá pé kí wọ́n tó sọ pé, “Tàn án.” Sùnmọ́nù tó ń tan ẹ̀rọ wà lẹ́yìn òpó, kò lè rí ẹnikẹ́ni. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́.

Kí oṣù kan tó pé tí mo débẹ̀, wọ́n ti sọ mí ní Odídẹ. Mo lè sín gbogbo wọn jẹ, láti orí ọlọ́jà tó ń gbé oúnjẹ wá dé orí máníjà. Ti Fọ́ọ́màn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀rọ dúró, abọ́ kan há sínú rẹ̀. Fọ́ọ́màn ti lọ sí ọ́fíìsì. Ẹnì kan ní, “Odídẹ, fún wa ní Fọ́ọ́màn díẹ̀.” Mo là á mọ́lẹ̀ pé, “Tàn án.”

Sùnmọ́nù tàn án.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ń jẹ́ Làmídì ti ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ láti yọ abọ́ tó há. Ìka méjì lọ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà ìdí tí n kò fi kọ́kọ́ sọ “Ọwọ́ dà?” Ìdáhùn rẹ̀ kò ní iyì. “Tàn án” ni ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. “Ọwọ́ dà?” kò dùn ún sín jẹ. Ohun tó bá dùn lẹ́nu ni asínnijẹ ń mú, ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ó máa ń fò.

Máníjà pe gbogbo wa. Sùnmọ́nù fi Kùránì búra pé ohùn Fọ́ọ́màn ni òun gbọ́. Kò parọ́, ohun tó gbọ́ nìyẹn. Fọ́ọ́màn ní, “Èmi kọ́.” Wọn kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó mọ̀ wo ilẹ̀, èmi náà wo ilẹ̀. Wọ́n lé Fọ́ọ́màn lọ́jọ́ kẹta. Bí wọ́n ṣe ń jáde pẹ̀lú agbòòrùn àti abọ́ oúnjẹ wọn, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, “Ọmọdé, máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ.” Ṣé gbogbo ènìyàn ni wọ́n sọ ọ́ fún, àbí èmi nìkan, n kò mọ̀ títí dòní.

Lẹ́yìn tí mo ti ọ̀dọ̀ Kápúténì dé, oorun mi kò já gaara mọ́. Ní àná mo wọkọ̀ lọ sí Ìlúpéjú. Ẹ̀gbọ́n Làmídì ń ṣọ́ géètì ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀ báyìí. Mo bá wọn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń po tíì.

“Odídẹ. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n.”

“Ó dáa. Jókòó. Ṣúgà ti tán o, ẹnu rẹ tó dùn ni kí o fi mu ún.”

Mo mu ún láìní ṣúgà. Mo wá sọ ọ́, ní ohùn ara mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò dáwọ́ tíì pípo dúró. Ìka mẹ́ta ni wọ́n fi di ṣíbí mú.

Wọ́n ní, “Mo mọ̀.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí o ti là á mọ́lẹ̀. Ohùn yẹn pé, Odídẹ, kò ku síbì kan. Ìbéèrè ni kò sí nínú rẹ̀. Fọ́ọ́màn kò sọ ‘Tàn án’ rí láìbéèrè ọwọ́. Mo gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé àwọn kọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti wà nínú ẹ̀rọ.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ?”

“Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ kan kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan. Nígbà tó yá, ó ti di ohun tí èmi náà jọ bá ọ fi pamọ́.” Wọ́n gbé ife kalẹ̀. “Nígbà tí Fọ́ọ́màn kú, èmi lọ sí Èkìtì lọ sin wọ́n. Mo wo ọ̀nà rẹ. O kò wá.”

Wọ́n bi mí pé kí ló wá gbé mi jáde lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí. Mo sọ̀rọ̀ rẹ fún wọn, mo sọ ti ogójì wákàtí. Wọ́n bi mí pé:

“Bàálù ọ̀hún, èèyàn mélòó ló ń gbà?”

“Èyí tó ńlá lè gba ọgọ́rùn-ún, ó lè jù bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n ní, “Ìka mélòó nìyẹn?”

Títí, n kò mọ iṣẹ́ bàálù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìwé rẹ ti dé, mo ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ní ọmọ tó ń tún bàálù ṣe ní Ìkẹjà. Ó ní bí àwọn tó wà nílé gogoro pápákọ̀ òfuurufú bá pàṣẹ fún awakọ̀ lórí rédíò, awakọ̀ gbọ́dọ̀ tún un sọ padà fún wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó gbọ́. Mo mọ̀ pé o ó ṣe èyí dáadáa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. O ó tún un sọ ní ohùn tí kò ku síbì kan, ẹni tó wà nílẹ̀ á rò pé ọwọ́ rẹ ti ṣe ohun tí ẹnu rẹ sọ. Ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohùn ẹni tó wà lójú òfuurufú kì í dá nìkan fọ́.

Ohun tó kù kò gùn. N kò rántí iye tí mo kà dé mọ́, ìwọ fúnra rẹ máa kà á.

Kí o tó san kọ́bọ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan, lọ bá dókítà tí ìjọba yàn fún àwọn awakọ̀, kí ó yẹ ojú rẹ, etí rẹ àti ọkàn rẹ wò. Ọmọ ẹnì kan ní Ìju san gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó sọ fún un pé kò lè ya àwọ̀ pupa sọ́tọ̀ kúrò lára ewé.

Bí o bá dé ilé-ẹ̀kọ́, má béèrè bàálù tí wọ́n ní. Béèrè èyí tó fò láàárọ̀ yẹn. Wá àwọn tó jáde lọ́dún tó kọjá, kí o bi wọ́n bóyá wọ́n ti ríṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi iṣẹ́ ń pa kì í purọ́ gbe ilé-ìwé rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ òkè òkun ni o fẹ́, n kò ní sọ pé ilẹ̀ Ọ̀tà dùn mí. Ilẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé bí o bá gba ìwé àṣẹ tiwọn dé, o ṣì máa jókòó ṣe ìdánwò nílé kí wọ́n tó jẹ́ kí o fò níbí. Má sì san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́.

Ti ìjọba lọ́ra, mo mọ̀. Ọdún kan yẹn ló ń lé ọ lọ sọ́dọ̀ Kápúténì. Ọdún kan kì í ṣe ọjọ́ ayé. Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, n ó kọ́ ọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sọ̀rọ̀ kí ó tó kú, òru sì ni o ó máa ka ìwé rẹ. Bí ilé-iṣẹ́ bàálù kan bá ní àwọn yóò kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ka ìwé àdéhùn náà dé ìsàlẹ̀. Wọ́n á so ọ́ mọ́lẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan. Kò burú bí o bá ti mọ iye ọdún náà kí o tó fọwọ́ sí i.

Bí olùkọ́ rẹ bá sì sọ pé o kò tíì lè dá fò, tí o mọ̀ nínú ara rẹ pé o lè fi ẹnu yí i lọ́kàn padà, má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí i, kí o padà wá lọ́jọ́ kejì.

Nínú àpò ìwé yìí, o ó rí fọ́ọ̀mù mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́. Mo ti fọwọ́ sí ti ìjọba. Mo ti fọwọ́ sí ti òkè òkun, ìwé ilẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ, ó ní òun ti ṣe tán. Èyí tí o bá mú nínú méjèèjì, ẹ̀yìn rẹ ni a wà. Ti Kápúténì ni ẹ̀kẹta. N kò fọwọ́ sí i, n kò sì ní fọwọ́ sí i. N kò fà á ya pẹ̀lú, nítorí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kì í ṣe ẹni tí à ń fa ìwé ya mọ́ lọ́wọ́. Ìwé wákàtí yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọkùnrin náà, ó ń dúró de ìbuwọ́lù rẹ. Bí o bá buwọ́ lù ú, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ohùn rẹ á gbé ọ kọjá níwájú gbogbo wọn, bí tèmi ṣe gbé mi kọjá. Lọ́jọ́ kan ni ẹ̀rọ yóò wá béèrè ohun tí ohùn kò ní.

Ọmọ oníbàárà mi ló ń mú ìwé yìí bọ̀ ní Mínnà. Yóò lo ọjọ́ méjì níbẹ̀ kí ó tó padà. Má kọ ìwé gígùn sí mi. Èyí tí o bá yàn nínú fọ́ọ̀mù náà, fún un kó mú un bọ̀, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti béèrè ní Oregun nígbà tí mo kéré sí ọ, tí n kò béèrè rẹ̀.

Títílayọ̀, ọwọ́ dà?

Èmi bàbá rẹ,
tí Ẹ̀gbọ́n Làmídì ṣì ń pè ní Odídẹ.